Ọjọ́ Tí A Pààrọ̀ Ṣáàfù Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ ọmọ mi ṣe ní ṣáàfù iwájú ti kán, àti pé tòkunbọ̀ rẹ̀, kì í ṣe tuntun o, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án náírà ni. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó wá fi kún un pé owó iṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀.

Bàbá mi ra odidi ọkọ̀, pẹ̀lú táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìkarùn-ún tó wà lẹ́yìn, ní àádọ́jọ pọ́ùn. Náírà kò tíì dé nígbà náà. Ṣílè díẹ̀ ni gálọ́ọ̀nù epo, ẹni tó bá sì ní pọ́ùn kan lápò lè lọ sí Ìbàdàn, kó jẹun lọ́nà, kó sì padà wálé pẹ̀lú ṣẹ́ńjì. Mo mọ̀ pé owó oṣù náà kéré nígbà náà. Wọ́n kọ́ mi ní yunifásítì pé a kì í fi iye ọjà àná wé tòní láìfi owó iṣẹ́ àná wé tòní pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yẹn kò lè dá àgbàlagbà dúró kó má kérora.

Láti ọjọ́ tí mẹkáníìkì náà ti sọ̀rọ̀ ni ara mi kò ti balẹ̀. Mo jókòó, mo dìde. Mo ṣí ìwé, mo pa á dé. Òórùn gíríìsì ló ń wá sí mi nímú, ọdún yẹn ló sì ń padà wá, ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi ní Òṣogbo, ọmọ agboolé Mùsùlùmí kan tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Ọmọ Iléṣà ni Màámi, ọmọ onígbàgbọ́. Nígbà tí bàbá mi lọ tọrọ rẹ̀, bàbá Màámi bi í léèrè ohun tó ní. Bàbá mi ní òun ní iṣẹ́ lọ́wọ́, òun ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè. Bàbá náà rẹ́rìn-ín.

"Ọkọ̀ ìjọba lò ń gùn. Ìwọ fúnra rẹ kò ní kẹ̀kẹ́. Ojú irin náà kò tilẹ̀ dé Iléṣà. Báwo lo ó ṣe máa gbé ọmọ mi wá kí mi?"

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wà lábẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn ló mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n sọ jáde. Màámi dìde níwájú gbogbo ẹbí. Ó ní, "Ó dáa. Ọjọ́ tí mo bá tún fẹsẹ̀ tẹ ilé yìí, ọkọ̀ ọkọ mi ni yóò gbé mi wá."

Ìrìn láti Òṣogbo sí Iléṣà kò tó wákàtí kan. Ó lé ní ogún ọdún tí Màámi kò rìn ín. Bàbá rẹ̀ kú, ìsìnkú náà kò ṣojú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé bó ti wù kí wọ́n jìnnà tó, ìbáà ṣe Kánò, ìbáà ṣe Jọ́ọ̀sì, gbogbo wọn ló ń wálé ní Kérésìmesì. Ní gbogbo Kérésìmesì, Màámi á se oúnjẹ fún wa, á sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí títì Iléṣà. Bàbá mi kò ní bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, bàbá mi ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ tíṣà òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Ọkọ̀ Faransé kékeré ni, aláwọ̀ ewé, táyà iwájú rẹ̀ ló sì ń fà á, kì í ṣe tẹ̀yìn bíi ti àwọn ọkọ̀ yòókù. Ṣáàfù ni irin gígùn tó ń gbé agbára láti inú àpótí jíà lọ fún táyà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Nítorí pé ọkọ̀ àtijọ́ ni, apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, bí gbogbo wa ti ń wa ọkọ̀ kí ìjọba tó yí i padà.

Bí oṣù Kejìlá ti wọlé ni àbúrò Màámi, tó ń ta aṣọ káàkiri, yà sọ́dọ̀ wa. Kò jókòó dáadáa kó tó jíṣẹ́ ìyá wọn. "Màmá ní ojú àwọn ń lọ. Wọ́n ní ojú kan ṣì ń ríran díẹ̀. Wọ́n ní kí o wá ní Kérésìmesì yìí, kí àwọn lè rí ojú rẹ kó tó tán."

Màámi wo bàbá mi. Bàbá mi wo ọkọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ilé wa kò ti sinmi. Bàbá mi ra agbádá tuntun tó fẹ́ wọ̀ wọ ilé àna rẹ̀. Màámi di aṣọ rẹ̀ sínú àpótí onírin, ó tú u, ó tún un dì. Ó ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "ulé" dípò "ilé", bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Iléṣà. Ohun tí kì í ṣe nìyẹn àfi tí inú rẹ̀ bá ti dàrú.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan sí ọdún lọ tí bàbá mi ń bọ̀ láti Ìdó-Ọ̀ṣun, tó yí sítíárìn láti yà fún ewúrẹ́, tí ohun kan dún gbàù lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà kò yí. Ṣáàfù apá dẹ́rẹ́bà ló kán. A fi okùn fà á wálé lẹ́yìn lọ́rì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní ìdí sítíárìn, ó tẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni pé ojú ń tì í.

Mẹkáníìkì kan ṣoṣo tó mọ irú ọkọ̀ náà ti lọ sí ìlú rẹ̀ fún ọdún. Bàbá mi ní kò burú. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ wà ní rélùwéè, iṣẹ́ irin sì ni iṣẹ́ wọn. Ó ní, "Ẹni tó ń tú ẹ́ńjìnnì rélùwéè palẹ̀, kí ni ti ọkọ̀ tí kò ga dé èjìká mi?"

Ẹ̀gbọ́n mi wá ṣáàfù kiri. Ó rí i lára ọkọ̀ kan tó jọ tiwa, tó ti forí sọ igi, tí wọ́n tì sẹ́yìn ìsọ̀ àwọn tó ń na páànù ọkọ̀ lọ́nà Ìdó-Ọ̀ṣun. Ó lo gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì lábẹ́ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó gun kẹ̀kẹ́ wọlé, ó ti fi àpò ìrẹsì wé ṣáàfù náà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́.

Télọ̀ kan wà ní iwájú ilé wa, tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò tí kì í dá sí.

"Ẹnjiníà!" ó ké sí ẹ̀gbọ́n mi. "Òkú ta lo gbé wá yẹn?"

"Òkú ọkọ̀ ni. Ó fẹ́ jí."

"Àní kó tètè jí o. Ẹ ò wo bí Ìyàwó Ìjẹ̀ṣà ti jókòó sórí àpótí rẹ̀ bí òṣómàálò! Kò ní dìde kí ẹ tó san án."

Òótọ́ ni. Màámi ti wọ aṣọ ìrìn-àjò láti àárọ̀, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Òṣómàálò ni wọ́n ń pe àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ tí ń tajà àwìn, tí wọ́n á wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè títí yóò fi sanwó. Lọ́jọ́ mìíràn Màámi ì bá ti fún télọ̀ náà lésì tó máa ràn án. Lọ́jọ́ náà, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pupa ń wọ ohun gbogbo. Mo wọ inú ọkọ̀, mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kí táyà má baà yí, ẹ̀gbọ́n mi fi sípánà gígùn mú nọ́ọ̀tì àárín táyà, ó sì gun orí sípánà náà, ó ń fò lé e. Nọ́ọ̀tì náà kò mira. Bàbá mi ní kó sọ̀ kalẹ̀, òun náà gun orí rẹ̀. Nígbà tó tú, ó dún bí ìbọn, Màámi sì fò dìde.

"Kí ló tún kán?"

"Kò sí ohun tó kán, Ìyá àwọn ọmọ. Ó tú ni."

Ó jókòó. Ó tún dìde. Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá ojúlé tí a ti gbá.

A fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, a sì fi pákó tó nípọn tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ojú irin, èyí tí bàbá mi ti gbé wálé láti ọdún pípẹ́, tì í lábẹ́. A yọ táyà. A da epo inú àpótí jíà sínú agbada. Lẹ́yìn náà ló kan kí a já irin tó so táyà mọ́ abẹ́ ọkọ̀, iṣẹ́ yẹn sì gba òòlù, èébú, àti òòlù sí i. Èmi ni mo di irin mú, ẹ̀gbọ́n mi ló ń lù ú.

"Yunifásítì," télọ̀ ké sí mi láti òdìkejì, nítorí ibẹ̀ ni mo ti wálé fún ìsinmi, "ṣé wọ́n kọ́ yín ní báyìí níbẹ̀?"

"Wọn kò kọ́ wa, ẹ̀gbọ́n. Ìtàn là ń kà."

"Ẹ tètè ṣe é, kí ọkọ̀ náà má baà di ìtàn."

Bàbá mi pàápàá rẹ́rìn-ín. Irin náà já. A fa èyí tó kù lára ṣáàfù tó kán jáde, ó wà ní ọwọ́ wa ní ìdajì méjì, ojú ibi tó ti kán ń dán bí ṣúgà. Ẹ̀gbọ́n mi fi aṣọ nu èyí tó gbé wá. Ó fi gíríìsì pa eyín rẹ̀, ó sùn sábẹ́ ọkọ̀, ó sì tì í wọ inú àpótí jíà. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Bàbá mi ní, "Alihamudulilai." Màámi gbé àpótí rẹ̀ sọ́dọ̀ ọkọ̀, ó dúró tì í.

Lẹ́yìn náà ni a fẹ́ ti orí kejì ṣáàfù náà bọ inú ihò irin tó máa ń gbé táyà. Kò dé ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi fà á. A mi irin tó ń gbé táyà síhìn-ín, a mì í sọ́hùn-ún. Bàbá mi ní bóyá kò tíì wọ àpótí jíà tán, ó fi igi lù ú. Ó ti wọ̀ tán. Àtẹ́lẹwọ́ kan tó nà tán ló kù kí irin náà tó débi tó ń lọ. Ọkọ̀ kan náà, àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Kò yé wa.

Bàbá mi lóṣòó. Ó yẹ orí ṣáàfù náà wò. Ó wá béèrè pé, "Apá wo lo ti yọ èyí?"

"Apá dẹ́rẹ́bà, Bàbá. Apá dẹ́rẹ́bà náà ni tiwa ti kán."

"Ọkọ̀ ibo ni ọkọ̀ náà?"

"Wọ́n ní láti Dàhọ̀mì ni wọ́n ti wà á wá."

Ó wá yé wa. Láyé àwọn Faransé, apá òsì ni dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí ní Dàhọ̀mì. Ẹ̀gbọ́n mi sùn sábẹ́ ọkọ̀ náà ní gbogbo ọ̀sán, ó rí sítíárìn, ó sì yọ ṣáàfù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣáàfù apá òsì ló gbé wá fún apá ọ̀tún, méjèèjì kò sì gùn bákan náà. Lọ́dún yẹn, gbogbo wa ló ń ṣe irú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń wo ọ̀nà òdì kí wọ́n tó sọdá títì. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ti wa ọkọ̀ gba apá òsì títì lẹ́ẹ̀kan, tí ọlọ́pàá fi fèrè lé e.

Ẹ̀gbọ́n mi ká ọwọ́ lérí. Ó ní, "Mo ń padà lọ báyìí. Èkejì ṣì wà lára rẹ̀." Ó ti ń wá sípánà sínú àpò kó tó sọ ọ́ tán. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Bàbá mi yíjú sí Màámi. "Yóò pẹ́ kó tó yọ ọ́. Lọ́la, Ìnṣá Allāhu, lọ́la ni a ó lọ. Ọ̀la ṣì ṣáájú Kérésìmesì."

Màámi wo ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, níbi tí táyà ti yẹ kó wà. Ó wo ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ tó kù yẹn. Ó wá ká gèlè rẹ̀ ṣe òṣùká, ó gbé àpótí rẹ̀ lérí.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ulé."

"Ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ bá mi wà á bọ̀ tó bá ti dára."

"Ohun tí o sọ níjọ́ yẹn ńkọ́?"

"Baba wọn, màmá mi kò ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ rí ọkọ̀. Bí ojú àwọn bá lọ lálẹ́ òní, kí ni mo fẹ́ wí?"

Ó ti ń rìn. Bàbá mi dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ló sáré tẹ̀ lé e. Ó gba àpótí náà lórí rẹ̀. Màámi ní, "Ẹ fi sílẹ̀, ọwọ́ yín dọ̀tí." Bàbá mi kò fi sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ya sára àpótí náà, ìka márààrún, dúdú kirikiri, kò sì sí ọṣẹ tó gbé e kúrò títí láé.

Télọ̀ ti dìde lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. "Ìyàwó Ìjẹ̀ṣà, ẹ bá wa kí wọn o," ló sọ.

Mo tẹ̀ lé wọn dé Ọjà Ọba. Gbogbo ayé ló ń lọ sí Iléṣà lọ́jọ́ náà, ariwo dẹ́rẹ́bà gba ibẹ̀ kan. Bàbá mi gbé àpótí sẹ́yìn tasín kan, Màámi wọlé. Mo rò pé bàbá mi yóò ti ilẹ̀kùn, kó sì padà. Ó dúró, ó di ilẹ̀kùn mú. Agbádá tuntun rẹ̀ ń bẹ nílé lórí ìkọ́. Kákí rélùwéè ló wọ̀, eruku àti epo ti sọ ọ́ di àwọ̀ mìíràn.

Màámi sún sápá kejì.

Bàbá mi wọlé jókòó tì í. Ó yọjú sí mi láti ojú fèrèsé. "Ẹ má gbàgbé láti da epo padà sínú àpótí jíà," ló ní. Tasín náà lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú ṣáàfù kejì. Nígbà tí mo sọ fún un pé wọ́n ti lọ, ó gbé irin náà sílẹ̀, ó jókòó tì í. Ní ọjọ́ Ìsinmi, a tì í bọlé. Ó dé ibi tó yẹ kó dé. A fò lórí sípánà, a da epo, a sì wa ọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Gbogbo ọ̀nà ni etí wa ń bẹ lábẹ́ ọkọ̀, a ń retí kó tún dún gbàù. Nígbàkigbà tí a bá dé kọ́nà, ẹ̀gbọ́n mi á dá èémí rẹ̀ dúró.

A bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá Màámi. Ìyá àgbà jókòó sórí ẹní, ojú rẹ̀ funfun bí ẹ̀fun. Màámi jókòó síwájú rẹ̀ gan-an, ó kọ ojú sí oòrùn. Ìyá àgbà di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ó ń yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, bí ẹni ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. Wọ́n sọ fún wa pé láti àná ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, tó bá rẹ̀ ẹ́ á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó rí i. Ó ní Màámi ti sanra ju bí òun ti rò lọ.

Bàbá mi wà lórí ẹní kan náà, pẹ̀lú aṣọ àyálò lọ́rùn. Ìyá àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ kejì. Bó ti gbọ́ ìró ọkọ̀, ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ṣé òun rèé?"

"Òun ni, Màmá."

"Òun ló ń rùn lọ́wọ́ rẹ láti àná yìí?"

"Òun náà ni."

Ó ní kí a fa òun dìde. Ó rìn dé ìdí ọkọ̀, ó fi ọwọ́ lé iwájú rẹ̀ tó ṣì gbóná, ó yára mú ọwọ́ kúrò, ó rẹ́rìn-ín. "Ọkọ̀ yìí pẹ́ lọ́nà o," ó ní. Ó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ní kí a mú òun padà sọ́dọ̀ ọmọ òun.

Ojú rẹ̀ kò rí ọdún Àjíǹde tó tẹ̀ lé e. Òun fúnra rẹ̀ ṣì gbé láyé fún ìgbà díẹ̀ sí i, Màámi sì ń lọ síbẹ̀ nígbàkigbà tó bá wù ú, nínú ọkọ̀ wa tó bá dára, nínú tasín tí kò bá dára.

Ìyá àgbà ti lọ. Bàbá mi tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, lẹ́yìn tí rélùwéè ti dákẹ́ ní Òṣogbo, ó sì dùn ún ju ikú lọ láti rí koríko lórí ojú irin náà. Màámi lọ lójú orun, ní Òṣogbo, a sì gbé e lọ sí Iléṣà bó ti fẹ́. Àbúrò rẹ̀ aláṣọ ti lọ. Télọ̀ ti lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ta ẹ̀rọ náà. Ọkọ̀ náà di ilé adìyẹ kó tó di ohun tí wọ́n gbé fún àwọn tó ń ra irin.

Ẹ̀gbọ́n mi wà láyé. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó rìn jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì le. Mo pè é lórí fóònù lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì sọ iye owó yẹn. Ó ní, "Apá wo ló kán?" Èmi náà wà láyé. Ṣáàfù apá òsì yẹn, èyí tí kò dé ibi tó ń lọ, wà lọ́dọ̀ mi níhìn-ín. Òun ni mo fi ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí ọyẹ́ má baà ṣí i.